Láti Inú Agbo Bọ́ Sí Abẹ́ Àtíbàbà

Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ìwé àṣà Yorùbá tí à ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì tí kò ní orí kan lórí eré ìdárayá. Orí náà kì í gùn. A ó to orúkọ eré sí i: ayò, òkòtó, àrìn, ìjàkadì, bojúbojú, ẹkùn mẹ́ran. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, a ó sọ iye ènìyàn tí í ṣe é, ohun èlò rẹ̀, àkókò tí à ń ṣe é àti àǹfààní tí ó wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ a kà á, a há a sórí, nígbà tí ó bá sì di ọjọ́ ìdánwò, a dà á padà sórí ìwé. Ẹni tí ó bá rántí àǹfààní márùn-ún gba máàkì márùn-ún. Láàrin àwọn tí ó ń wá kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì, mo ti pàdé àwọn tí ó lè kọ ojú ìwé méjì gbáko lórí òkòtó, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé bí a bá fi òkòtó lé wọn lọ́wọ́, ṣe ni wọn yóò máa yí i wò bí ẹni tí ó rí owó ilẹ̀ òkèèrè.

Bẹ́ẹ̀ òkòtó kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹnu kọ́. Láyé àtijọ́, ìkarahun kékeré tí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó ni. Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọdé ń fi òjé rọ ọ́, wọ́n ń fi páànù ká a, wọ́n tilẹ̀ ń fi ìdérí báírò ṣe é. Ọmọ yóò fi àtàǹpàkò àti ìka mìíràn mú un, yóò yí ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òkòtó yóò bọ́ sílẹ̀, yóò sì máa pòòyì. Bí ọwọ́ bá le jù, yóò fò lọ. Bí ọwọ́ bá dẹ̀ jù, yóò ṣubú kí ojú tó kúrò lára rẹ̀. Àwọn tí ó yí i ká lóṣòó a dìde, wọn a sá tẹ̀lé e bí ó bá yí gbirigbiri wọ abẹ́ àga, wọn a jiyàn, wọn a tún lóṣòó. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní àdúgbò kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pàdánù mọ ohun tí ó ń bọ̀: yóò na ọwọ́, wọn yóò sì fi òkòtó gbá a lẹ́yìn ọwọ́. Ìwé ìdánwò kò lè béèrè èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Ohun tí ó béèrè ni àǹfààní márùn-ún.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nítorí pé ẹ̀sùn tí a sábà máa ń fi kan ilé-ẹ̀kọ́ ayé òde òní, pé ó ti kọ eré ìdárayá sílẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ilé-ẹ̀kọ́ kò kọ eré sílẹ̀. Ó wà nínú ìwé, ó wà lórí tímùtábù, ó sì ní ọjọ́ ayẹyẹ tirẹ̀ lọ́dọọdún, tí a ń tẹ ìwé ìpè fún. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ara ọmọ. Ohun tí gbogbo ọmọ ń fi ara ṣe ti di ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀, àti ohun tí wọ́n ń jókòó wò bí àwọn díẹ̀ ti ń ṣe é. Mo sì gbà pé ìyípadà yìí burú ju kí a kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ eré lọ, nítorí pé ẹni tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ mọ̀ pé òun wà níta.

Ẹ jẹ́ kí a mú Anthony, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ́fẹ́ l'Ékòó, ṣe àpẹẹrẹ. Àdúgbò àwọn tí ó kàwé ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ìkòròdú, tí Gbàgádà wà ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, tí Maryland kò sì jìnnà sí i. Nígbà tí a kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tí ó wà níbẹ̀, ilé ìgbé ni: ìdílé kan, àgbàlá kan, igi máńgòrò kan bóyá. Lónìí, kò sí òpópónà mélòó kan tí a ó rìn kí a tó kan ilé ìgbé tí ó ti di ilé-ẹ̀kọ́. Pálọ̀ di kíláàsì, yàrá di kíláàsì, ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí di ilé àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Iwájú ilé, níbi tí ọmọ ìbá ti sáré, sìmẹ́ńtì ni, ọkọ̀ àwọn olùkọ́ ni ó sì kún ibẹ̀. Kì í ṣe Anthony nìkan. Nígbà tí a ka àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Ìpínlẹ̀ Èkó láàrin 2010 sí 2011, iye wọn lé ní 12,000. Kò sí bí ìlú ṣe lè rí pápá fún 12,000 ilé-ẹ̀kọ́. Ní ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, wọ́n sábà ní ilẹ̀ díẹ̀ ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ méjì, mẹ́ta lè máa pín ọgbà kan ṣoṣo lò.

Kí òǹkàwé bá mi ka ìjókòó tí ọmọ Anthony kan ń jókòó láàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó dìde lórí ibùsùn, ó jókòó ti oúnjẹ. Ó jókòó nínú ọkọ̀, nítorí pé títì Ìkòròdú kò ṣe é fi ẹsẹ̀ sọdá bí kò ṣe lórí afárá, àti pé láti 2008 tí ọkọ̀ BRT ti ń sáré ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ láti Máìlì 12, kò sí òbí tí yóò fi ọmọ ọdún mẹ́jọ sílẹ̀ kí ó máa dá rìn níbẹ̀. Ó jókòó ní kíláàsì. Ní àkókò ìsinmi, ó jókòó jẹ ìpápánu, nítorí pé ẹni tí ó bá sáré lórí sìmẹ́ńtì yóò ṣubú, bí ó bá sì ṣubú, màmá yóò wá jà. Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, ó jókòó fún lẹ́sìnnì. Ó jókòó nínú ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ó délé, ó jókòó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, lẹ́yìn náà ni ó jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù. Ìjókòó mẹ́jọ nìyí, n kò sì tíì ka ti ilé ìjọsìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní 2020 pé ọmọ ọdún márùn-ún sí 17 yẹ kí ó máa fi ara ṣiṣẹ́ gidi fún wákàtí kan, ó kéré tán, lójoojúmọ́. Nínú ọjọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yìí, níbo ni a ó ti yọ wákàtí kan?

Àwọn onílé-ẹ̀kọ́ yóò ní kò sí ilẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó bá ń gba títì Ìkòròdú lọ sí Yábàá yóò rí ọgbà Igbóbì College, tí ìjọ Áńgílíkà àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ ní 1932, yóò sì mọ̀ pé ayé ti wà tí à ń fi pápá ṣe ìpìlẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ayé yẹn kò ní padà wá sí Anthony. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ilẹ̀ ni olórí ọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ni, ọjọ́ tí wọ́n bá rí ilẹ̀, gbogbo ọmọ ì bá sáré. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọjọ́ náà.

Ọjọ́ náà ni ọjọ́ ìdíje láàrin ilé, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí íńtáháòsì. Nínú tọ́ọ̀mù kejì ni ó sábà máa ń bọ́ sí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní pápá yóò háyà pápá fún ọjọ́ kan, yóò sì gba owó lọ́wọ́ òbí: owó aṣọ, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ. Ẹni tí ó bá ti lọ sí ọ̀kan ti lọ sí mẹ́wàá. Àtíbàbà alálùbáríkà yí pápá ká, aláwọ̀ pupa, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ òféfèé, aláwọ̀ ìyeyè. Alága ọjọ́ náà yóò pẹ́ kí ó tó dé. Ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ń bú. Àwọn ọmọ tí ó ti ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ bí a ti ń yan bí ológun yóò yan kọjá níwájú àlejò, wọn yóò sì dára lójú lóòótọ́. N kò ní tìtorí pé mò ń ṣe lámèyítọ́ kí n sọ pé ohun tí ó dára kò dára. Lẹ́yìn náà ni eré sísá. Ọmọ mẹ́rin, mẹ́rin ni ó ń sá, ọmọ kan náà sì lè sá ti 100 mítà, kí ó sá ti 200, kí ó tún gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú eré ìfọ̀pálénilọ́wọ́, nítorí pé òun ni ó yára jù nínú ilé rẹ̀, ilé rẹ̀ sì fẹ́ gba ife. Àwọn yòókù ńkọ́? Wọ́n wà lábẹ́ àtíbàbà. Wọ́n wọ aṣọ eré, wọ́n wọ bàtà eré, wọ́n dá fìlà eré. Láti aago mẹ́sàn-án títí di aago mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó lórí àga oníke, tí wọ́n ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìjókòó kẹsàn-án nìyẹn.

Bí ó bá jẹ́ èmi, eré àwọn òbí ni mo máa ń dúró wò. Nígbà tí agbóhùnsáfẹ́fẹ́ bá ní kí àwọn ìyá bọ́ sí pápá, wọn yóò bọ́ bàtà, wọn yóò sán ìró mọ́ra, àwọn mìíràn tí wọn kò tíì sáré láti ìgbà tí wọ́n ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ yóò fò sókè lẹ́ẹ̀mejì láti dán ẹsẹ̀ wò. Wọn a sáré, wọn a ṣubú, wọn a rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó ṣà wọ́n. Ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ bá yá ni ó ń sá. Nínú gbogbo ètò ọjọ́ náà, ibẹ̀ nìkan ni eré ti padà di eré, a sì fi í sí ìparí, gẹ́gẹ́ bí ìpanilẹ́rìn-ín.

Ẹ wo orúkọ ayẹyẹ yìí fúnra rẹ̀. Láti ilé-ẹ̀kọ́ onígbèéwọ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti gbé e wá. Ilé tí wọ́n ń wí níbẹ̀, ilé ni lóòótọ́: ibẹ̀ ni ọmọ ń sùn, ibẹ̀ ni ó ń jẹun, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀ ni ó sì ń bá jáde lọ ṣeré ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́. Ìdíje ọdọọdún kàn jẹ́ òkè téńté ohun tí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́ ni. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ wa tí ó ní ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ irú rẹ̀, láti ibẹ̀ sì ni àwọn tí ó ń du Grier Cup láàrin àwọn ọkùnrin àti Lady Manuwa Cup láàrin àwọn obìnrin ti ń jáde. Ṣùgbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń wá láàárọ̀ tí ó ń lọ lọ́sàn-án, kí ni ilé? Àwọ̀ ẹ̀wù ni. A mú òkè téńté, a fi ìpìlẹ̀ sílẹ̀. A ya ilé láìsí ilé.

Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ní ohun tí ó tóbi ju ilé lọ tí kò sì gba ilẹ̀ púpọ̀. Agbo ni. Ṣé ẹ rántí ẹkùn mẹ́ran? Àwọn ọmọ yóò di ọwọ́ ara wọn mú, wọn yóò ṣe agbo. Ọmọ kan yóò di ẹran nínú agbo, òmíràn yóò di ẹkùn lóde. Ẹkùn ń wá ọ̀nà wọlé, agbo ń lé e sẹ́yìn. Bí ẹkùn bá já wọlé níhìn-ín, agbo yóò ya kí ẹran lè gba ọ̀hún jáde. Orin ń lọ, ẹlégbè ń gbè, ẹsẹ̀ ń lọ, apá ń lọ. Ọmọ tí ó yára ni ẹkùn. Ọmọ tí kò yára, tí ó sanra, tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí ojú ń tì, òun ni ọgbà. Láìsí òun, kò sí eré. Bí ẹkùn bá sì mú ẹran tán, a ó pààrọ̀, ọgbà àná ni ẹkùn òní. Nínú agbo, kò sí ibi tí òǹwòran lè fara pamọ́ sí: bí ó bá dúró, ibi tí ó dúró sí ni ẹkùn yóò gbà wọlé, gbogbo ẹgbẹ́ yóò sì pariwo lé e lórí.

Bí mo bá wá sọ pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin agbo àti àtíbàbà ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní, n kò rò pé mo sọ àsọdùn. Àtíbàbà ń bi ọmọ léèrè pé, ‘Ṣé o yára tó?’ Bí kò bá yára tó, àga wà fún un. Agbo kò bi í ní nǹkan kan. Ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú ni.

Ohun kẹta kan tún wà tí ilé-ẹ̀kọ́ fi eré ara ṣe, yàtọ̀ sí kíkọ àti wíwò, òun ni ó sì ń dùn mí jù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan l'Ékòó pé nígbà wo ni ó fò bí ọ̀pọ̀lọ́ kẹ́yìn. Yóò sọ fún yín pé ọjọ́ tí òun pẹ́ dé ni. Nígbà wo ni ó sáré yí ilé-ẹ̀kọ́ ká? Ọjọ́ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Nígbà wo ni ó di etí mú, tí ó ń bẹ̀rẹ̀ tí ó ń dìde ní ìgbà ogún? Ọjọ́ tí kíláàsì pariwo. Ìka kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, apá nínà sókè títí yóò fi máa gbọ̀n, gbogbo rẹ̀ ni àwọn eléré ìdárayá ń ṣe láti mú ara wọn le. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, ìyà ni wọ́n. Kíláàsì tí ó bá jókòó jẹ́ẹ́, tí abẹ́rẹ́ bá bọ́ nínú rẹ̀ tí a gbọ́, òun ni à ń yìn. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá sì wá pọ̀ jù, kí ni ìyà tí ó kẹ́yìn? A ó gba àkókò ìsinmi lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tí ó bá fi ọdún méjìlá gba irú ẹ̀kọ́ yìí yóò mọ̀ ọ́n dáadáa: ìjókòó ni èrè, ìrìn ni ìjìyà. Kí ló dé tí ó fi ń yà wá lẹ́nu nígbà tí ó bá di òṣìṣẹ́ báǹkì ẹni ogójì ọdún tí kì í fi ẹsẹ̀ gun òkè ilé alájà méjì?

Àwọn kan yóò dáhùn pé Yorùbá fúnra wọn ni ó fi iṣẹ́ ṣáájú eré. Wọn yóò tọ́ka sí ewì ìlú-mọ̀-ọ́n-ká tí J. F. Ọdúnjọ kọ lórí iṣẹ́, tí ìran lé ìran ti kà ní àkàsórí. Lóòótọ́ ni ewì náà bá ọmọ tí ń rìn gbéregbère wí. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà. Ara ni ó kún inú rẹ̀. Apá àti ìgbọ̀nwọ́ ni akéwì náà fi ṣe mọ̀lẹ́bí fún ẹni tí kò ní mọ̀lẹ́bí. Lẹ́yìn náà, kí òǹkàwé rántí bí wọ́n ti ń kọ́ wa láti kà á: ní ìdúró ṣanṣan, pẹ̀lú ọwọ́ kíká láyà. Ewì tí ó ń yin apá, ọwọ́ kíká ni a fi ń kà á.

Èdè pàápàá kò bá wọn fọhùn. Nígbà tí ọmọ bá ń yára fi ẹsẹ̀ lọ, sáré ni a wí, sá eré. Nígbà tí ó bá wà láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ń tàkìtì, ṣeré ni a wí. Ẹni tí ó jó lórí ìtàgé, òṣèré ni. Eégún Alárìnjó tí ó fi ẹsẹ̀ la ìlú kọjá, tí ó ń rìn tí ó ń jó, eré ni ó ń ṣe. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá aláìsàn ti gbádùn, a ó béèrè bóyá ara rẹ̀ ti yá. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí ara rẹ̀ dá fẹ́ bá wa jáde, a ó béèrè ohun kan náà. Ìlera, ayọ̀ àti ìmúratán, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó gbé wọn, ọ̀rọ̀ yẹn sì wà nínú ìdárayá. Fágúnwà, tí í ṣe olùkọ́, mọ èyí. Nígbà tí ó kó àwọn ọdẹ jọ fún ìrìnàjò Òkè Láńgbòdó nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, kò yan Ìmọ̀dóyè ọlọ́gbọ́n kí ó fi Kákò oníkùmọ̀ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ó rán. Mo sì máa ń rò pé bí a bá kọ ìwé náà ní Anthony lónìí, Ìmọ̀dóyè nìkan ni àwọn òbí yóò gbà kí ó lọ, inú ọkọ̀ ni yóò sì bá lọ.

Ẹnì kan wà nínú ìtàn ẹ̀kọ́ wa tí ó gbìyànjú láti da ìjìyà padà sí iṣẹ́. Tai Ṣólàárín ni, ní Mayflower School tí ó dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1956. Oko wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀, gbogbo ọmọ ni ó sì ń ṣe é, ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan. A lè bá a jiyàn lórí ọ̀pọ̀ nǹkan, àwọn tí ó bá a jiyàn nígbà ayé rẹ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n ohun kan dá a lójú: ohun tí a kò bá fẹ́ kí ọmọ kórìíra, a kì í fi jẹ ẹ́ níyà.

Mo mọ̀ pé a ó dá orúkọ àwọn akọni fún mi. Falilat Ogunkoya, ọmọ Ògùn, tí ó gba ẹ̀bùn ipò kẹta nínú eré 400 mítà ní Atlanta ní 1996. Tóbi Amusan, tí ó lọ sí Our Lady of Apostles ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó fò kọjá igi ìdènà 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 24 oṣù keje 2022, tí obìnrin kan kò tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Mo bá wọn yọ̀, mo tilẹ̀ pariwo nílé lọ́jọ́ ti Tóbi. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń sọ lẹ́yìn irú ìṣẹ́gun bẹ́ẹ̀ ni pé kí á lọ wá Tóbi mìíràn rí nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ìyẹn ni pé kí á tún ṣà. Ẹni tí ó ń wá ẹyọ góòlù kan nínú yanrìn kì í ro ti yanrìn.

Ti àwọn ọmọbìnrin sì tún le jù. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2019 kó ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mílíọ̀nù 1.6 jọ láti orílẹ̀-èdè 146, àwọn ọmọ ọdún 11 sí 17. Ní 2016, 81 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò fi ara ṣiṣẹ́ tó bí ó ti yẹ. Nínú àwọn ọkùnrin, 78 ni. Nínú àwọn obìnrin, 85. Kò dìgbà tí a bá lọ sí òkèèrè kí a tó rí ohun tí ó fà á. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ni ó ń fò jù: súwè tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fà sílẹ̀, okùn fífò, tẹ́ńtẹ́ń tí wọ́n ń ṣe lójúkojú, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n ń ju ẹsẹ̀ síwájú. Bí wọ́n bá ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, tí ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, a ó ní kí wọ́n jókòó bí ọmọbìnrin. Àwọn ọmọkùnrin yóò gba ìwọ̀nba àyè tí ó kù, wọn yóò fi òkúta méjì ṣe mónkí póòsì. Kò sí olùkọ́ tí ó lé àwọn ọmọbìnrin kúrò lójú pápá. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n wá síbẹ̀ náà ni.

Ọ̀rọ̀ ìlànà ẹ̀kọ́, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí àjọ NERDC tún ìlànà ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án ṣe ní 2012, a kó ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìlera pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ti iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ti kọ̀ǹpútà lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní wọ́n fẹ́ dín ẹrù ọmọ kù, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀kọ́ mẹ́rin bá ń jẹun nínú àwo kan, èyí tí ó lè gbé bíbà lé orí ìwé ni yóò yó. Ohun tí ó kù fún eré ìdárayá ni kí ọmọ mọ bí pápá bọ́ọ̀lù ti gùn tó ní mítà. Nínú ètò tuntun tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2025, eré ìdárayá ti tún dá dúró ní àyè tirẹ̀. Ó dára. Àyè lórí tímùtábù ni a tún rí gbà; tímùtábù náà sì ni ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ rí kò gba owó. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ilé ìgbé ní Anthony, kí a gbé ọkọ̀ àwọn olùkọ́ sí ìta ọgbà títí di aago méjì ọ̀sán. Àyè tí ó gba ọkọ̀ mẹ́fà gba agbo ọmọ ọgbọ̀n. Kí olùkọ́ Yorùbá kó kíláàsì rẹ̀ jáde ní ọjọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ wọn ní ẹkùn mẹ́ran, kí òun pẹ̀lú di ọwọ́ wọn mú. Kí ọmọ tí a fẹ́ bi ní ìbéèrè lórí òkòtó ta òkòtó, kí a fún un ní máàkì bí ó bá pòòyì. Ní ọjọ́ íńtáháòsì, kí ilé tí ó bá mú ọmọ púpọ̀ jù lọ jáde sí pápá gba ife, ìbáà jẹ́ pé wọ́n kẹ́yìn nínú gbogbo eré. Àti olùkọ́ tí ó bá fẹ́ jẹ ọmọ níyà, kí ó wá ìyà mìíràn, kí ó fi ẹsẹ̀ ọmọ sílẹ̀.

Nínú oṣù tí ó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo kọjá lẹ́nu géètì ilé-ẹ̀kọ́ kan ní àdúgbò náà. Àwọn ọmọ tí òbí wọn kò tíì dé jókòó lórí bẹ́ǹṣì, báàgì wọn lórí itan. Àwọn ọmọbìnrin méjì ti bọ́ sáàrin ọkọ̀ méjì tí ó wà nínú ọgbà, níbi tí kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ, wọ́n ń ṣe tẹ́ńtẹ́ń. Bàbá tí ń ṣọ́ géètì ni ó ń ka iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń ka èyí tí ó kéré jù mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà mìíràn kí ó má bàa sunkún. Nígbà tí ọmọ kẹta dìde lórí bẹ́ǹṣì, bàbá náà sún àga tirẹ̀ sẹ́yìn kí àyè lè gbà á.